Òpó Keje

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Haslowe,
má bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Gbójú sókè. Òpó méjìlá ló dúró lórí òkè,
wọ́n ru òkúta onígun mẹ́ta kan
bí aláàárù tí kò rẹ́ni sọ̀ ọ́.
Òjò ń pa wọ́n láti àárọ̀.
Òjò ti ń pa wọ́n kí wọ́n tó bí baba bàbá mi.

Ilé Ìlú là ń pè é.
Ìlú wo? Mo bèèrè rí, nígbà tí mo ṣì kéré.
Màmá mi àgbà, Hilda Ormerod,
kò gbójú kúrò lára ilẹ̀ tó ń nù:
“Ìlú tó ń nu ilẹ̀ rẹ̀.”

Òwú ló kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín.
Òwú tí ẹrú ká lókè òkun, lábẹ́ oòrùn tí àwa kò ní,
òwú tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ran níhìn-ín, nínú eruku.
Nígbà tí àpò àwọn olówó kún tán, ojú tì wọ́n díẹ̀;
wọ́n ní ká kọ́lé bíi tàwọn ará Gíríìkì,
kí àlejò lè rò pé ọgbọ́n ló sọ wá di ọlọ́rọ̀.

Ambrose Lytham ló yà á sórí ìwé.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ikọ́ ń hú u.
Kò fẹsẹ̀ tẹ Gíríìkì rí;
inú ìwé àyálò ló ti rí i,
nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò.
Ó kú kí wọ́n tó bo òrùlé tirẹ̀.

Àwọn agbẹ́kùúta sì kọlà fún àwọn òpó:
ìlà mẹ́rìnlélógún, gbọọrọ, láti orí dé ẹsẹ̀,
kò sí èyí tó yẹ̀ ní ìwọ̀n irun.
Òpó keje bọ́ sọ́wọ́ Silas Entwistle.
Ó ku ìlà kan péré
nígbà tí ọmọkùnrin kan sáré wá sábẹ́ pákó tó dúró lé,
ó ké sí i pé ibà ti mú Martha lọ.
Silas gbé irin rẹ̀ sílẹ̀.
Ẹlòmíràn ló wá kó o.

Lókè, dùùrù ńlá àti adájọ́. Nísàlẹ̀, yàrá ẹ̀wọ̀n.
Ihò tí Lytham lu kí ooru lè dé ẹsẹ̀ àwọn olówó,
ihò náà ló gbé orin sọ̀ kalẹ̀ tọ Keziah Platt lọ,
ẹni tó jí aṣọ ọ̀pá méjì, tó gba ọdún méje.
Ó sọ fún wọ́dà pé orin yẹn dára,
pé kí ó bá òun kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Bọ́ǹbù jábọ́ lé e lọ́dún 1941.
Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i?
Páànù ni wọ́n fi dí tiwa.
Páànù náà ló ń jò dòní,
bákẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, mo mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
Àwọn ìgbìmọ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á,
tí yóò sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì.
Wọ́n ní kí n má tíì sọ fáwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Imran Chaudhry gbé Beth Fairclough níyàwó.
Ìrẹsì fọ́n ká, ẹyẹlé ya bò ó,
wọ́n fẹ̀yìn ti òpó keje, wọ́n ya fọ́tò.
Kò sẹ́ni tó kà á. Ta ló ń ka ìlà ara òpó?

Èmi ni. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí.
Lálẹ́, bí mo bá ti tilẹ̀kùn tán,
mo máa ń fi ìka kà á nínú òkùnkùn bí Hilda ti kọ́ mi,
ọ̀kan, èjì, títí dé mẹ́tàlélógún,
kí ọwọ́ tó bọ́ síbi tí irin kò kàn,
tó ń jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé.